Mo wà ní ọdún kejì, mi ò sì rí ẹni tọ́ mi sọ́nà nínú iṣẹ́ iná. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ayétòrò, Mọ́ńdè, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Yunifásítì kan níhìn-ín ní Òṣogbo ni mo wà, ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ni mò ń kọ́, mo ti dé ọdún kejì. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì nínú ẹbí wa. Bàbá mi ń wa mọ́tò lọ sí Ìkìrun, màmá mi ń ta èlùbọ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Wọ́n ń gbìyànjú lórí mi, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé ẹ̀ka wo ni kí n kọjú sí, tàbí ibo ni kí n ti ṣe IT (iṣẹ́ ìdánrawò ní ilé-iṣẹ́), àdúrà ni wọ́n ní fún mi.

CGPA mi, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì mi, jẹ́ 3.12. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé "wá mẹ́ńtọ̀, wá mẹ́ńtọ̀." Mo ti wá a. Mo kọ̀wé sí bí ogún èèyàn lórí LinkedIn pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ di mẹ́ńtọ̀ mi." Àwọn méjì ló dá mi lóhùn. Ọ̀kan ní kí n máa bá a lọ, Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́. Èkejì ní kí n san 15,000 náírà kí òun tó fi mí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp òun. Mo lọ bá olùkọ́ wa kan ní ọ́fíìsì, ó ní kí n padà wá. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò bá a. Ó ti wá ń ṣe mí bíi pé àwọn tó lẹ́nì kan lókè nìkan ni irú nǹkan báyìí wà fún.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe rí tiyín? Kí ni kí n ṣe tí mi ò tíì ṣe?

Mo tún ń gbìyànjú láti fọwọ́ ara mi ṣe ínfátà kékeré kan nílé, ó ti jó transistor (ẹ̀yà kékeré tó ń já iná tó sì ń so ó padà) mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tó fà á. Ìyẹn kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ mi ṣá.

Ẹ̀gbọ́n Ògo-Olúwa, Mọ́ńdè, aago 10:02 alẹ́

Àbúrò mi, ìlà tó o fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ nílẹ̀, tó o ní kì í ṣe kókó yẹn, òun gan-an ni kókó. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ dùn mí fún ẹ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí àjèjì lè gbá a mú. Ẹni tó bá ti jó transistor rí, bó bá ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un láti dá ẹ lóhùn.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ iná. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó o kọ̀wé sí. Ká ní ò ń kánjú kọjá ní oríta Ọláìyá, kí ẹnì kan tí o ò mọ̀ rí dá ẹ dúró pé kó o jọ̀ọ́ wá ṣe bàbá òun. Wàá kọjá lọ ni. Kì í ṣe pé inú rẹ burú. O ò mọ ohun tí bàbá ṣíṣe yẹn máa gbà lọ́wọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ní "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n gbà dé Òkè-Fìà?", bó ti wù kó o kánjú tó, wàá fọwọ́ júwe fún un. Bí ẹ bá tún pàdé lọ́la, tó ní òun débẹ̀, òun sì bá ẹni tí òun ń wá, ẹ ti di ojúlùmọ̀. Bí gbogbo ẹni tó tọ́ mi sọ́nà nínú iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo pè ní mẹ́ńtọ̀ lójú rẹ̀ rí.

Nítorí náà, má tọrọ mẹ́ńtọ̀ mọ́. Béèrè ìbéèrè. Bí èmi ì bá ṣe kọ ọ́ rèé:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Lágbájá lorúkọ mi, mo wà ní ọdún kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní Òṣogbo. Mò ń ṣe ínfátà láti orí bátìrì 12V. Tírànsífọ́mà 12-0-12 ni mo lò, transistor IRFZ44N méjì ló ń já iná tí wọ́n sì ń so ó padà, Arduino Uno ló ń darí wọn. Mẹ́ta ti jó. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹrù ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n gílóòbù 40W kan péré ni mo so mọ́ ọn. Mo ti ka datasheet rẹ̀, ìyẹn ìwé àlàyé rẹ̀, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa fólítéèjì gate ni kò yé mi. Ṣé ibẹ̀ ni kí n máa wò, àbí ibòmíì? Àwòrán iṣẹ́ náà rèé."

Ẹni tó bá ka èyí mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan pé o ti ṣiṣẹ́ kó o tó wá, pé o ò fẹ́ kóun bá ẹ ṣe é, àti pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní gbà ju ìlà méjì lọ. Mo fojú dá àwọn ẹ̀yà tó o lò ni, torí o ò dárúkọ wọn. Bí kì í bá ṣe àwọn, ṣàtúnṣe wọn.

Èyí tó kù ni àwọn èèyàn kì í ṣe. Bó bá ti dá ẹ lóhùn, lọ ṣe ohun tó sọ, kó o sì padà lọ jábọ̀ fún un, yálà ó ṣiṣẹ́ o, yálà kò ṣiṣẹ́ o. Nínú gbogbo ọmọ tó ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, ìwọ̀nba ló padà wá sọ fún mi bó ṣe rí. Àwọn yẹn ni mo mọ̀ lórúkọ. Àwọn ni mo pè nígbà tí ibi iṣẹ́ wa fẹ́ gba ọmọ IT.

Mi ò ní sọ ohun tó ń jó transistor rẹ fún ẹ lónìí. Mú mítà, wọn fólítéèjì tó dé gate (ẹsẹ̀ transistor tó ń gba àṣẹ) nígbà tí Arduino (pátákó kékeré tó ń ṣe ohun tí kóòdù rẹ bá sọ) bá ní kó ṣí, kó o wá kọ iye rẹ̀ síbí.

Kò-Sẹ́ni-Tó-Kọ́-Mi, Túsìdeè, aago 6:40 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n à ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ńtọ̀ yìí di ohun tó ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ò lẹ́nì kankan. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti dátà alẹ́ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ sọ́fíwia. MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé kíláàsì wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 6.002, tó dá lórí sákíìtì, wà níbẹ̀ látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá. Kó jókòó tì í. Kó kọ kóòdù rẹ̀ sórí GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá iṣẹ́ àjọṣe tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kó máa tún àṣìṣe kéékèèké ṣe níbẹ̀. Láti 2005 ni Google ti ń ṣe Summer of Code, wọ́n ń sanwó fún ẹni tí wọ́n bá mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni tẹ́lẹ̀, láti 2022 ni wọ́n ti ṣí i fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Outreachy náà wà, ètò tó jọ ọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbà. Kò sí èyí tó ní kó o mọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n Ògo-Olúwa, Túsìdeè, aago 7:15 àárọ̀

Gbogbo ohun tó o sọ yìí dáa, mo fẹ́ kí Ọmọ Ayétòrò gbà á. Ìbéèrè kan péré ni mo ní fún ẹ. Nígbà tó o kọ́kọ́ fi kóòdù rẹ ránṣẹ́ sí iṣẹ́ àjọṣe yẹn, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Kò-Sẹ́ni-Tó-Kọ́-Mi, Túsìdeè, aago 7:31 àárọ̀

Obìnrin kan ní Jámánì ni. Ó dá a padà fún mi nígbà mẹ́rin. Nígbà kẹrin, ó ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo máa ń ronú ohun tó máa sọ.

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rò ó báyìí rí.

Olùkọ́ Òkè-Fìà, Túsìdeè, aago 1:20 ọ̀sán

Mo ń kọ́ni ní electronics ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tiwa. Akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì tí mò ń kọ́ báyìí lé ní ogóje. Bí mo bá pàdé wọn lọ́jà, àwọn tí màá pe orúkọ wọn kò ju méjìlá lọ, kì í sì í ṣe àwọn tí máàkì wọn ga jù. Ọ̀kan wà nínú wọn nítorí pé mo ṣàṣìṣe lójú pátákó, ó dúró dìgbà tí kíláàsì parí, ó wá fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi, ó sì tọ̀nà. Òmíràn bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó máa jókòó sí láàbù ní ọ̀sán Jímọ̀ nígbà tí àwọn tó ń ṣe mástà bá ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbá ilẹ̀, ó ń to wáyà, ó ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un níṣẹ́.

Ọmọ mi, olùkọ́ tó o lọ bá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí o ò bá yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi gbogbo ẹyin rẹ sínú agbọ̀n olùkọ́ kan. Má lọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣàmì ìdánwò. A kì í ráyè fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Kọ lẹ́tà sí i lórí ímeèlì, ìlà mẹ́rin, kó o sọ ọjọ́ méjì tó o lè wá. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní ẹ̀ka yín, àwọn tó ń ṣe mástà àti oyè dókítà (PhD) ni mo rò pé ó yẹ kó o kọ́kọ́ lọ bá. Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú báyìí kò tíì jìnnà sí wọn. Inú láàbù ni wọ́n ń sùn sí.

Ọ̀rọ̀ CGPA. Lórí òṣùwọ̀n 5.00 tí púpọ̀ nínú yunifásítì wa ń lò, 2.40 sí 3.49 ni second class lower, 3.50 sí 4.49 ni second class upper. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá àti ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló fi 3.50 ṣe ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í ka orúkọ rẹ bí o kò bá dé ibẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ dá ṣáṣá tó. O wà ní ọdún kejì nínú márùn-ún. Kọ́ọ̀sì tó wà níwájú rẹ pọ̀ ju èyí tó ti kọjá lọ. Jókòó pẹ̀lú alábòójútó kíláàsì yín, kí ẹ jọ ṣírò máàkì tí o gbọ́dọ̀ máa gbà ní sẹ́mísítà kọ̀ọ̀kan kó o tó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ alábòójútó nìyẹn, kì í ṣe ojúrere tí wàá máa bẹ̀bẹ̀ fún.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n rò pé fífọ mọ́tò olùkọ́ àti rírà oúnjẹ fún un ni ọ̀nà ìsúnmọ́ni. Ọmọ Yorùbá ni wá, kò sí ẹni tó ní kó o má gba báàgì lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń rán ẹ níṣẹ́ ilé láti Jánúárì dé Jánúárì, tí kò jókòó kọ́ ẹ ní nǹkan kan rí, ìránṣẹ́ lò ń ṣe fún un. Iṣẹ́ rẹ ni kó o máa gbé lọ bá a.

Àǹtí Ọdún Karùn-ún, Túsìdeè, aago 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe mástà yẹn gan-an, mo sì fẹ́ fi ti àwa tó ti wà ní ọdún kẹrin àti karùn-ún kún un. Àbúrò, àwa la mọ ìwé tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń mú ìbéèrè. Àwa la mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ IT níṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń rán an ní búrẹ́dì láti àárọ̀ dalẹ́.

IT yẹn ṣe pàtàkì ju bó o ṣe rò lọ. SIWES lorúkọ rẹ̀ gan-an, láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba kan, ti dá a sílẹ̀, oṣù mẹ́fà ló jẹ́ fún wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá àyè títí di ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú, wọ́n á wá lọ sí ibikíbi tó bá fọwọ́ sí ìwé wọn. Èmi gbé lẹ́tà dé ibi mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án kò dáhùn. Èyí tó gbà mí, ọmọkùnrin tó ṣíwájú mi lọ́dún kan ti ṣe tiẹ̀ níbẹ̀, ó bá mi mú lẹ́tà lọ sí ọwọ́ ẹni tó yẹ. Báwo la ṣe di ọ̀rẹ́? Ilé ìkàwé. Àwa márùn-ún la máa ń kàwé pọ̀ lálẹ́, ó máa ń kọjá, mo máa ń béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bó o bá débẹ̀, má da logbook rẹ (ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́) kọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lópin oṣù. Kọ ọ́ lójoojúmọ́, kó o sì fi ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka tèmi nítorí àwọn ìbéèrè yẹn. Ó ti ń fi bírò pupa dá mi lóhùn kí oṣù kejì tó parí.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń kà á, ọ̀rọ̀ yín kù. Ọkùnrin kan tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ sọ fún mi ní ọdún kẹta mi pé òun máa tọ́ mi sọ́nà. Nígbà tó yá, kò gbà kí a pàdé níbòmíràn bí kò ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Mi ò lọ. Ó bú mi, ó ní n ò ṣe tán láti dàgbà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé mo ti ba ọ̀nà ara mi jẹ́. Mi ò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ pàdé wọn lọ́sàn-án, níbi tí èèyàn wà: ilé ìkàwé, ọ́fíìsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọgbà Mandela. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ọ̀rẹ́ yín kan. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ ní sákíìtì kò nílò kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ̀bi yín kọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, n ò ní dá yín lẹ́bi.

Olùkọ́ Òkè-Fìà, Túsìdeè, aago 5:05 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ ọ́. Kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Kí wọ́n kọ sí èmi náà.

Ọ̀gá Kọ́ìlì, Wẹ́sìdeè, aago 8:30 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Garage, mọ́tò omi, fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ni mò ń wé kọ́ìlì wọn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Púpọ̀ nínú wọn, kí n fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n bá wá. Ọ̀kan ṣoṣo ló wá yàtọ̀. Sátidé ni, aago mẹ́jọ, ó wọ aṣọ iṣẹ́ wá, ó ní "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wò yín." Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ìyí wáyà inú kọ́ìlì tó jó ká tó já a, bí a ṣe ń wọn sísanra wáyà kó má baà tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í fi wáyà tó sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i?" Mo ní torí kò ní wọ ihò ni. Ó mú ìwé, ó ṣírò rẹ̀ fún mi, ó fi hàn mí ìdí tí wáyà tín-ín-rín fi ń gbóná. Mo ti ń ṣe é láti ọgbọ̀n ọdún, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ó wá fún ọdún kan gbáko. Ó ti wà ní Èkó báyìí, ó ṣì ń pè mí bí mọ́tò bá dà á láàmú.

Ẹ wá. N ò gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ wo iṣẹ́. Ẹ má fojú tín-ín-rín wo àwọn ọmọṣẹ́ mi o. Ẹ má sì fọwọ́ kan kàpásítọ̀, ẹ̀yà tó ń fi iná pamọ́, kí ẹ tó béèrè. Bí ẹ tiẹ̀ ti yọ wáyà lára iná, ó ṣì lè gbá yín o.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Wẹ́sìdeè, aago 9:10 alẹ́

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí rán mi létí nǹkan tí a máa ń gbàgbé ní ìlú yìí. Jimoh Buraimoh tí gbogbo ayé mọ̀ fún àwòrán ìlẹ̀kẹ̀, oníná ni. Òun ló ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládipọ̀. Nígbà tí Georgina Beier, oníṣẹ́ ọnà kan, ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níhìn-ín ní 1964, Buraimoh wọlé láti ìdí iná. Adébísí Àkànjí ńkọ́? Bíríkìlà ni kó tó bá Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) ṣiṣẹ́. Ògiri àti ère sìmẹ́ǹtì tí ẹ ń rí nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Iṣẹ́ yẹn ló gbé wọn dé iwájú ẹni tó mọ ohun tí wọn ò tíì mọ̀.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa transistor, ẹ má bi mí.

Ẹ̀gbọ́n Ògo-Olúwa, Tọ́sìdeè, aago 6:20 àárọ̀

Òṣogbo yìí náà ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Mélòó nínú àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná tó ń gun ọ̀kadà káàkiri ìlú yìí ló ti ronú lé e rí? Iná tí wọ́n ń pèsè àti èyí tí à ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá kú lójijì, èyí tí à ń lò á ju èyí tó ń wọlé lọ, frequency (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láti 50 Hz. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ tó kù á já ara wọn kúrò kí wọ́n má baà bàjẹ́, gíríìdì á wó lulẹ̀, bó ṣe wó lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024. Ìlú wa ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ṣọ́ ọ, lórí wáyà 330 kV àti 132 kV. Wọ́n ń rajà ní ọjà wa, wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ẹ kó ara yín jọ, ẹ ní kí ẹ̀ka yín kọ lẹ́tà ìbẹ̀wò sí wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé irú ibẹ̀, má ya fọ́tò lásán. Mú ìbéèrè kan tó o ti fi ọ̀sẹ̀ kan kà nípa rẹ̀ lọ, bi ẹni tó bá ń mú yín káàkiri, kó o sì gba ímeèlì rẹ̀. Ọmọ tó bá ká apá sókè là ń gbé.

Ọmọ Ayétòrò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Sátidé, aago 7:55 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo fẹ́ jábọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n máa ṣe.

Àwọn ẹ̀yà tí ẹ fojú dá náà ni mo lò lóòótọ́. Mo wọn gate, 4.8V ni mo bá níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó dáa tàbí kò dáa, ni mo bá kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo gbé e lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe mástà ní láàbù wa. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó fi hàn mí lórí datasheet pé IRFZ44N fẹ́ tó 10V ní gate kó tó ṣí tán. 4.8V ń ṣí i díẹ̀ ni, bí ìgbà téèyàn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ tí ogunlọ́gọ̀ ń fi ara há kọjá. Ìnira yẹn ló di ooru. Ó fún mi ní IRLZ44N méjì tó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 5V, ó ní kí n lọ gbìyànjú, kí n padà wá. Mo padà lọ. Ó ti ní kí n máa wá ní ọ̀sán Jímọ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá Kọ́ìlì ní Sátidé méjì. Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ọwọ́ mi ṣì ń dùn mí níbi tí wáyà ti há a. Alábòójútó wa bá mi ṣírò CGPA: bí mo bá ń gba 3.8 ní sẹ́mísítà kọ̀ọ̀kan láti ìsinsìnyí, màá kọjá 3.50 kí n tó jáde. Mo kọ ọ́ sára ògiri. Lẹ́tà ìbẹ̀wò ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ka wa, àwa mẹ́tàdínlógún la fọwọ́ sí i. Màmá mi bi mí pé kí ló dé tí mò ń rẹ́rìn-ín lálẹ́ Jímọ̀.

Ínfátà náà tan gílóòbù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn transistor tuntun náà gbóná janjan, ọ̀kan jó. Gate ń gba 5V dáadáa, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹrù ṣì jẹ́ gílóòbù 40W yẹn. Mo tún kóòdù mi kà, bí mo bá ti pa ọ̀kan ni mò ń tan èkejì lójú ẹsẹ̀. Ibi tí mo dé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ògo-Olúwa, Sátidé, aago 8:07 alẹ́

O káre. Inú mi dùn sí ìròyìn yìí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

O ní "lójú ẹsẹ̀." Bí Arduino bá ní kí transistor kan pa, ṣé lójú ẹsẹ̀ lòun náà máa ń pa?

Ọmọ Ayétòrò, Sátidé, aago 8:26 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí datasheet. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó máa ń gba àkókò díẹ̀ kó tó pa tán. Nítorí náà, èkejì á ti ṣí kí ti àkọ́kọ́ tó pa. Àwọn méjèèjì á jọ wà ní ṣíṣí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tírànsífọ́mà á máa pa agbára ara wọn, iná á kàn gba ibẹ̀ kọjá bíi pé wọ́n so bátìrì pọ̀ lórí ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Mélòó ni kó jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Ògo-Olúwa, Sátidé, aago 8:30 alẹ́

Iye àkókò tó fi ń pa wà lójú ìwé tó o ṣí sílẹ̀ yẹn. Ṣírò rẹ̀, kó o fi sí i dáadáa, kó o kọ iye tó o yàn síbí kó o tó so bátìrì.

Ọmọ Ayétòrò, Sátidé, aago 8:31 alẹ́

Mo ti mú bírò, sà.